Harvey Cushing: Dókítà Tí Ajá Kọ́ Níṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá ìtàn tí a fẹ́ sọ mu rẹ́gí. Ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí lo ogún ọdún láti wá ìdí àìsàn kan ṣoṣo, ohun tó sì rí nídìí rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì nígbà mìíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ajá ilé yín tó ti lo ọdún mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó ti aṣálẹ̀ dé, tó ń tọ̀ káàkiri ilé, tí irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń re, tí ikùn rẹ̀ sì sọ̀ bí ikùn aboyún, kí ni ẹ ó pè é? Àwọn kan yóò ní ọ̀tá ló fún un ní májèlé jẹ. Àwọn mìíràn yóò ní aràn ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa yóò ní ogbó ló dé sí i, kí á fi í sílẹ̀ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wa ṣì í. Kókó kékeré kan lè wà nínú ara ajá náà, àìsàn tí kókó yìí sì ń fà ń jẹ́ orúkọ ènìyàn kan títí dòní. Harvey Cushing ni ẹni náà. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a gbé wá fún yín, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń sin ẹran àti fún ẹni tó ń kọ́ ìwé kò kéré.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1869 ni a bí Harvey Cushing ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá. Bí ìlù ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé Àyàn láàrin wa, bẹ́ẹ̀ ni ìṣègùn jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Dókítà ni bàbá rẹ̀, dókítà ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀, dókítà náà sì ni ẹni tó bí bàbá àgbà yẹn. Cushing gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Yale ní 1891, lẹ́yìn náà ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Harvard, ó sì parí ní 1895.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ní Harvard tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wọ́n máa ń ní kó fi oògùn kun aláìsàn lóorun kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ. Wọ́n gbé oògùn tí a ń pè ní ether lé Cushing lọ́wọ́ láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, aláìsàn náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé ó rò ó bóyá kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ernest Codman bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí ìwé, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù àti bó ṣe ń mí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ bá wà lára rẹ̀. Ìwé yẹn ni baba ńlá ìwé tí wọ́n ń kọ ní yàrá iṣẹ́ abẹ gbogbo lónìí, ìbáà jẹ́ ti ènìyàn, ìbáà jẹ́ ti ẹranko.

Ní 1896 ó lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ó sì di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ William Halsted. Halsted kì í kánjú. Ó máa ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú ẹran ara, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà lásán. Ìwà yìí ràn mọ́ Cushing. Láàrin 1900 sí 1901 ó rìn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù láti fi kún ìmọ̀ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Theodor Kocher ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland. Ní ìlú Pavia ní ilẹ̀ Ítálì, ó rí ohun èlò tí Riva-Rocci ṣe láti fi wọn ìfúnpá, ó sì gbé irú rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì máa ń wé mọ́ wa lápá tó sì ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, Cushing wà lára àwọn tó jẹ́ kí ó di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò.

Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Ajá ti Jẹ́ Olùkọ́

Nígbà tí Cushing padà dé, ó ní ọpọlọ ni òun fẹ́ fi iṣẹ́ òun ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ nígbà yẹn á mi orí ni. Bí wọ́n bá la orí ẹni tó ní kókó nínú ọpọlọ, ó sábà máa ń kú ni. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dá, ọpọlọ á wú, egbò á sì kẹ̀. Kí ni ènìyàn yóò ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? A kì í ti orí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́.

Ní 1905 ni wọ́n ṣí yàrá ìwádìí kan ní Johns Hopkins, wọ́n sọ ọ́ ní Hunterian, ní ìrántí John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó kú ní 1793, ẹni tó ti ṣe àyẹ̀wò ara oríṣiríṣi ẹranko. Cushing ni wọ́n fi ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Ajá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Cushing ṣe é lófin pé bí a ti ń ṣe fún ènìyàn ni kí wọ́n ṣe fún ajá. Wọ́n á kùn ún lóorun kí ó má bàa mọ ìrora. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á sì se gbogbo ohun èlò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, èkejì á jẹ́ olùrànlọ́wọ́, ẹ̀kẹta á mójú tó oògùn oorun, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran ọ̀sìn wọn tí ara rẹ̀ kò yá wá síbẹ̀. Ajá tí kókó hù sí lára wà nínú wọn. Cushing kò lé wọn padà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń yẹ ẹranko náà wò láti orí dé ìrù, wọ́n á gé kókó náà kúrò bó bá ṣeé gé, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó láti mọ irú èyí tó jẹ́. Ó tẹ àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí jáde fún àwọn dókítà ènìyàn láti kà. Ní ojú tirẹ̀, kókó ara ajá àti kókó ara ènìyàn jọ ń sọ èdè kan náà ni.

Ìwádìí tó ṣe lórí ajá tún wọnú ibi tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ nínú ènìyàn. Pituitary ni àwọn dókítà ń pè é. Láàrin 1908 sí 1910, Cushing àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí Samuel Crowe àti John Homans wà nínú wọn, yọ ẹ̀yà ara yìí nínú ajá púpọ̀ láti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ nínú rẹ̀ sábà máa ń kú. Èyí tí wọ́n yọ apá kan nínú rẹ̀ á sanra, ọmọ ajá kò ní dàgbà mọ́, ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ á sì rọ. Cushing parí èrò sí pé ẹranko kò lè wà láàyè láìsí pituitary. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi hàn pé ajá lè là á já bí iṣẹ́ abẹ náà bá mọ́, tí ìtọ́jú sì tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ohun pàtàkì tó rí dúró: ẹ̀yà ara tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ìdàgbà, fún ìsanra àti fún ìbísí.

Ó yẹ kí á sọ òdodo níhìn-ín. Àwọn ajá ìwádìí wọ̀nyẹn kò yọ̀ǹda ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú. Láyé ìgbà Cushing gan-an, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn wà tó ń bínú sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, lónìí òfin sì ti dín in kù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Àwa kò ní bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gbèsè ni ọmọ ènìyàn jẹ ajá nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbèsè sì yẹ ní sísan.

Obìnrin Kan àti Ogún Ọdún

Ní 1912 Cushing tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí pituitary. Lára àwọn aláìsàn tó kọ ìtàn wọn sínú rẹ̀ ni obìnrin ọmọ ọdún 23 kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú u lójú. Ojú obìnrin náà kún bí òṣùpá, ara rẹ̀ sanra láàrin, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rù. Irun hù sí i níbi tí kò yẹ, nǹkan oṣù rẹ̀ dá dúró, awọ ara rẹ̀ sì ya ní ìlà ìlà. Cushing fura pé àṣẹ tó ń jáde láti inú orí ló ti ṣì, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí. Ẹlòmíràn ì bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òun fi í pa mọ́ ni, ó sì ń kó irú rẹ̀ jọ.

Ní 1932, ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó gbé ìtàn aláìsàn 12 jáde. Ó sọ pé kókó kéékèèké inú pituitary ló ń fa àìsàn wọn. Àwọn kan kò gbà, nítorí pé wọ́n ti rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí pituitary rẹ̀ kò ní kókó, àmọ́ tí kókó wà ní ẹ̀yà ara mìíràn, èyí tí a ń pè ní adrenal, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín. Ọjọ́ ń lọ, ó sì hàn pé kò sí ẹni tó purọ́. Pituitary ló ń pàṣẹ, adrenal ló ń jẹ́ àṣẹ, ohun tó sì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ ni cortisol. Bí kókó bá mú ọ̀gá, àṣẹ á pọ̀ jù. Bí kókó bá mú ọmọ iṣẹ́, á máa ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ. Cortisol á pọ̀ lápọ̀jù ní ọ̀nà méjèèjì, àìsàn kan náà ni yóò sì jáde. Àìsàn Cushing ni gbogbo ayé wá ń pè é.

Iṣẹ́ Rẹ̀, Ìwà Rẹ̀ àti Ikú Rẹ̀

Ní 1912 kan náà ni ó lọ sí Harvard láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ṣe olórí iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston fún nǹkan bí ogún ọdún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti kúrò ní tẹ́tẹ́. Ó hùmọ̀ ìdè fàdákà kékeré tí a fi ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ní 1911. Ní 1926 òun àti William Bovie bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1931 ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ ẹlẹ́ẹ̀kẹgbàá, èyí ni 2,000, tí àyẹ̀wò ti fi ìdí irú kókó tó jẹ́ múlẹ̀. Àwọn tó ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ sì dín kù jọjọ sí ti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Láàrin gbogbo wàhálà yìí ó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé dókítà William Osler, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1926.

Ènìyàn líle ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rù ahọ́n rẹ̀, ìdílé rẹ̀ kì í sì í rí i nílé. Ní ọdún 1926 yẹn gan-an, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó dàgbà jù, William, kú nínú ìjàmbá mọ́tò. Cushing gbọ́ ìròyìn náà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni ní yàrá títí ó fi parí. Àwọn kan yóò pe èyí ní akin, àwọn mìíràn yóò pè é ní òkúta. Ohun tí a mọ̀ ni pé aláìsàn orí tábìlì kò gbé ẹrù ọ̀fọ̀ ẹlẹ́ni.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ní Boston, ó padà sí Yale. Sìgá tó ń mu lámujù ti ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àìsàn ọkàn ló pa á ní New Haven ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1939, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú rẹ̀, wọ́n rí kókó kékeré kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá kókó inú orí ẹlòmíràn gbé ọ̀kan kiri nínú tirẹ̀.

Gbèsè Tí A Jẹ Ajá

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ajá. Àìsàn Cushing ṣọ̀wọ́n gan-an nínú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ajá tó ti ń dàgbà. Nínú ajá mẹ́wàá tí ó ń ṣe, bíi mẹ́jọ ló jẹ́ pé kókó pituitary ló fà á. Kókó adrenal, tó ṣọ̀wọ́n jù, ló ń fa ti ìyókù. Omi mímu àti ìtọ̀ lápọ̀jù, oúnjẹ àjẹjù, ikùn tó sọ̀, irun tó ń re, awọ tó fẹ́lẹ́, mímí hẹlẹhẹlẹ àti àìlágbára ẹsẹ̀ ni àmì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ogidi ṣe àpẹẹrẹ. A kò sọ Ògìdì ti Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogi o. Ogidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ìlú àwọn Chinua Achebe, ni à ń wí. Kò sí yunifásítì tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ẹranko níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí i ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Bí ajá kan tó ti ń ṣọ́ ilé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá bá ní àwọn àmì wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko tó bá wà nítòsí ni kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ. Dókítà yóò béèrè ìtàn, yóò yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò kó lè yọ àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín kúrò, nítorí wọ́n fi omi mímu jọra. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, ó lè darí wọn sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, gẹ́gẹ́ bí ará Ọ̀yọ́ yóò ṣe gba ti Yunifásítì Ìbàdàn lọ.

Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò ṣòro láti yé ni. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ajá, wọ́n á fún un ní dexamethasone díẹ̀, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ. Nínú ajá tí ara rẹ̀ dá, pituitary á rò pé cortisol ti tó, á dákẹ́, cortisol á sì wálẹ̀. Nínú ajá tí kókó ti mú, kò ní gbọ́ràn. Ẹ̀rọ skánù á wá fi hàn bóyá adrenal méjèèjì ló wú, èyí tó ń tọ́ka sí inú orí, tàbí ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó ń tọ́ka sí kókó adrenal fúnra rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, mitotane ni wọ́n ń lò látijọ́. Trilostane ló gbòde báyìí. Ní 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ajá. Ojoojúmọ́ ni ajá yóò máa lò ó títí ayé rẹ̀, dókítà á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àlòjù rẹ̀ léwu. Kókó adrenal ṣeé gé bí kò bá tíì tàn. Ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn dókítà ẹranko ń gba ẹnu ajá wọlé láti yọ kókó pituitary. Iṣẹ́ abẹ tí Cushing fi ọ̀nà rẹ̀ mọ̀ lára ajá ti padà wá ń gba ajá là. A kò ní parọ́ pé owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí owó oògùn, ẹni tó mọ orúkọ àìsàn ajá rẹ̀ kò ní na ajá nítorí ìtọ̀, kò ní fi omi dù ú, kò sì ní bá aládùúgbò jà nítorí májèlé tí kò sí.

Ìkìlọ̀ kan tún kù. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń fa irú àìsàn yìí nígbà mìíràn. Ẹni tó ń fún ajá tí ara ń yún ní prednisolone tàbí dexamethasone fún oṣù pípẹ́ láìsí dókítà lè rí ikùn sísọ̀ àti irun rírẹ̀ yìí láìsí kókó kankan. Bákan náà ni ènìyàn tó ń fi ìpara abóra tó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú para. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má sì ṣàdédé dá a dúró o. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Rẹ̀

Nílẹ̀ wa, Emmanuel Látúndé Òdẹ̀kù, ọmọ bíbí Awẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó padà wálé sí Ìbàdàn ní 1962, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ó tó kú ní 1974. Ojú ọ̀nà tí àwọn bíi Cushing là ni òun náà gbà, ìgbà tó sì dé, òun náà ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kíkọ sílẹ̀ yìí ni ká mú lọ. Ìwé pélébé kan ló gba aláìsàn lọ́wọ́ ether. Ìwé ìrántí nípa obìnrin kan ló bí ìmọ̀ àìsàn kan lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹni tó bá ní ajá àgbà nílé lè ṣe irú rẹ̀ lónìí: kí ó wọn omi tí ajá ń mu láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, kí ó kọ ọjọ́ tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í re, kí ó sì gbé ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ajá kò lè fi ẹnu sọ ibi tó ń dun òun. Ẹni tó ti ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré ló yẹ kó bá a sọ ọ́.